Ta Ní Kí Ọ̀gá Má Tẹ́tí?

Níbikíbi tí àwọn olówò ńláńlá àti àwọn olórí iléeṣẹ́ bá gbé pé jọ, ìbáà jẹ́ ní ìpàdé, ìbáà jẹ́ níbi àsè ìgbéyàwó tí wọ́n ti jókòó yí tábìlì kan ká, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan yóò dá tí àwọn yòókù yóò sì gbè, tí ó sì ti sú mi í gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́: èyíinì ni pé ẹnu ni a fi ń ṣe ọ̀gá, etí ni a fi ń ṣe ọmọṣẹ́, àti pé olórí tí ó bá jókòó gbọ́ tẹnu àwọn tí ó ń san owó oṣù fún, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi gun orí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ẹnu kàn án pé àwọn ọlọ́pàá kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá ẹni tí ó fi ìbọn há aláìṣẹ̀ mọ́lé sọ̀rọ̀ títí yóò fi sọ ìbọn náà sílẹ̀, àti pé ọgbọ́n ìtẹ́tísílẹ̀ tí àwọn wọ̀nyí ń lò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ olórí iléeṣẹ́, ẹ̀rín ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ bá wí lónìí.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà n ó kọ́kọ́ ro ẹjọ́ tiwọn bí àwọn fúnra wọn ìbá ti rò ó, láì bu iyọ̀ sí i, láì yọ ata kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n ní iléeṣẹ́ kì í ṣe ilé tí ọ̀daràn há ènìyàn mọ́. Kò sí ẹni tí a fi ìbọn mú wá síbi iṣẹ́, ẹni tí iṣẹ́ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn mọ ọ̀nà ẹnu ìlẹ̀kùn. Wọ́n ní òwò kò ní sùúrù, àti pé kí ọ̀gá tó béèrè bí nǹkan ti rí lára ọmọṣẹ́ tán, ẹlòmíràn ti gba oníbàárà mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tí a bá gbọ́ tirẹ̀ yóò retí pé kí a ṣe tirẹ̀, àti pé kí a má gbọ́ rárá sàn ju kí a gbọ́ kí a má sì gbà lọ. Wọ́n sì tún ní, èyí ni ó lágbára jù lọ nínú gbogbo àwíjàre wọn, pé àwọn ọlọ́pàá tí à ń wí yìí kò fi iṣẹ́ ìtẹ́tí àti iṣẹ́ ìpàṣẹ fún ẹnìkan ṣoṣo: ẹni tí ń bá ọ̀daràn sọ̀rọ̀ kì í pàṣẹ, ẹni tí ń pàṣẹ kì í bá ọ̀daràn sọ̀rọ̀, olórí iléeṣẹ́ kò sì ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni yóò gbọ́, òun náà ni yóò pinnu, òun náà ni yóò sì jíhìn nígbà tí owó bá sọnù. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Àwọn tí ń rò ó ti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti fi owó oṣù tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀, bí ó ti dùn létí tó, kò ní ìpìlẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tí wọ́n rò pé ó ní ni pé aláìlágbára ní í tẹ́tí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹni tí àwọn atẹ́tí wọ̀nyí jẹ́, àti ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971, àwọn ẹlẹ́wọ̀n gba ọgbà ẹ̀wọ̀n Attica ní ìpínlẹ̀ New York mọ́ àwọn wọ́dà lọ́wọ́, wọ́n sì fi ẹ̀mí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà dógò. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń béèrè jẹ mọ́ oúnjẹ, ìtọ́jú aláìsàn, àti bí a ti ń lo ènìyàn. Ọ̀gá àgbà àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n sì ti gbà pẹ̀lú wọn lórí púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n bẹ Rockefeller gómìnà pé kí ó wá, kí òun náà wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́, ó kọ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù náà ni ìjọba fi ìbọn wọlé, ènìyàn 39 sì kú, àwọn 10 nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí a ní a wá gbà sílẹ̀. Ìjọba kéde pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó fi ọ̀bẹ dúńbú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ni dókítà tí ó yẹ òkú wọn wò fi hàn pé ọta ìbọn ni ó pa wọ́n, àwọn tí wọ́n fi ìbọn wọlé nìkan ni ó sì ní ìbọn. Ní ọdún 1972, ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ìbọn tún ni àwọn ọlọ́pàá fi gbìyànjú láti gba àwọn eléré ìdárayá Ísírẹ́lì tí àwọn agbébọn dì mú sílẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, kò sì sí ẹyọ kan tí ó yè nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ìlú New York rí nǹkan wọ̀nyí, wọ́n sì ronú. Ẹnìkan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Harvey Schlossberg, ọlọ́pàá tí ó tún gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn. Òun àti Frank Bolz ni ó kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù Kínní ọdún 1973, nígbà tí àwọn adigunjalè kan há mọ́ inú ìsọ̀ kan ní Brooklyn pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí wọ́n dì mú, tí ọta ìbọn sì ti pa ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tó kù, tí ìbínú ń bẹ nínú wọn, tí ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ wọn, tí iye wọn sì pọ̀ tó láti wó ìsọ̀ náà palẹ̀, dúró fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Àwọn tí a dì mú rí ọ̀nà gba òrùlé jáde, àwọn adigunjalè sì jọ̀wọ́ ara wọn. Mo bi àwọn tí ń rẹ́rìn-ín léèrè: àìlágbára ha ni ó mú kí àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí tẹ́tí bí? Ta ni nínú ẹ̀yin ọ̀gá ni ó ní àṣẹ lórí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó àṣẹ tí ọmọ ogun ọlọ́pàá ní lórí ilé tí ó yí ká? Bí ẹni tí ó lè pa ènìyàn láìjẹ̀bi bá rí i pé etí ṣe ohun tí ìbọn kò lè ṣe, kí ni ẹ̀yin tí kò ní ju ìwé ìlénijáde lọ ń fi etí yín pamọ́ fún?

Wọn yóò ní ohun tí ó bá ọlọ́pàá mu kò bá oníṣòwò mu. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé oníṣòwò ni wọ́n ti gbé ọgbọ́n yìí lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Láti ọdún 1928 títí di 1930, iléeṣẹ́ Western Electric, tí ń ṣe ẹ̀rọ tẹlifóònù ní Hawthorne lẹ́bàá Chicago, rán àwọn ènìyàn lọ bá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 20,000 sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí a ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé bí a bá bi òṣìṣẹ́ nípa iná tí ń tàn sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, nípa ohun mìíràn ni yóò máa sọ, wọ́n sì pa ìbéèrè tì, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ sọ ohun tí ó wù ú, kí olùgbọ́ má bá a jiyàn, kí ó má gbà á nímọ̀ràn, kí ó ṣá gbọ́. Ìjókòó tí kò ju nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ tẹ́lẹ̀ wá ń kọjá wákàtí kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ: ẹni tí ń ráhùn nípa àga kò fi dandan máa ráhùn nípa àga. Ní ọdún 1957, Carl Rogers àti Richard Farson kọ ìwé kékeré kan lórí ìtẹ́tísílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago, ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ọdún 16 lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá New York tó dé ìsọ̀ Brooklyn. Ta wá ni ó yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ta?

Iṣẹ́ ìtẹ́tí náà rọrùn í sọ, ó nira í ṣe. Olùgbọ́ kò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Yóò máa ṣe hẹ̀n-ẹ́n kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé òun kò sùn, yóò mú gbólóhùn tí ó gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀, yóò sì sọ ọ́ padà sí i, yóò béèrè ohun tí a kò lè fi bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ dáhùn, yóò sọ bí nǹkan náà ti dun onítọ̀hún tó kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́, yóò sì tún gbogbo ẹjọ́ náà rò pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ títí ẹni tí ó ni ẹjọ́ yóò fi wí pé, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni." Bí ọkùnrin tí ó há ènìyàn mọ́lé bá kígbe pé ọkọ̀ ni òun ń fẹ́, a kò ní í sọ pé a ó fún un, a kò sì ní í sọ pé a kò ní í fún un; a ó bi í ibi tí ó fẹ́ lọ àti ẹni tí ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ lè ti ibẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọmọ tí ìyàwó kó lọ. Àwọn àgbà tí ń parí ìjà ní ilẹ̀ wa kò ṣe é lọ́nà mìíràn, wọn kì í la ẹnu dá ẹjọ́ títí wọn yóò fi bi ẹni tí ń rò ó pé, "Ṣé ó tán nínú rẹ?" Ọ̀gá wo ni ó béèrè èyí lọ́wọ́ akọ̀wé rẹ̀ rí?

Ní ti pé kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn máa lọ, n ó fi ọ̀ràn kan dá wọn lóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 1986, àwọn ẹnjiníà iléeṣẹ́ Morton Thiokol, tí wọ́n ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé ọkọ̀ òfurufú Challenger lọ sókè, wà lórí tẹlifóònù pẹ̀lú àwọn ọ̀gá NASA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ni ọkọ̀ náà, tí ó sì jẹ́ oníbàárà wọn. Wọ́n ní òtútù ọ̀la yóò mú kí òrùka rọ́bà tí ó so ara rọ́kẹ́ẹ̀tì náà pọ̀ gan, wọ́n ní kí ọkọ̀ má gbéra. Ọ̀kan nínú wọn, Roger Boisjoly, ti kọ ọ́ sínú ìwé ní oṣù Keje ọdún tí ó ṣáájú pé ẹ̀mí lè ṣòfò. Inú àwọn ọ̀gá NASA kò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, inú oníbàárà tí kò dùn sì ba àwọn ọ̀gá Thiokol lẹ́rù. Wọ́n gba àyè láti dá sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn, ọ̀gá kan sì sọ fún èkejì tí ó jẹ́ olórí àwọn ẹnjiníà pé kí ó bọ́ fìlà ẹnjiníà sílẹ̀ kí ó dé ti máníjà. Àwọn máníjà mẹ́rin ni ó dìbò. A kò bi àwọn ẹnjiníà ní nǹkan kan mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tí Challenger gbéra, ó fọ́ lójú ọ̀run, ènìyàn 7 sì bá a lọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn ẹnjiníà náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn kò gbé ìbọn, wọn kò dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ òtítọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìmọ̀ tí ó lè gba ẹ̀mí là wà lọ́wọ́ ẹni tí ó kéré, àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ga, ohun kan ṣoṣo tí ó lè so méjèèjì pọ̀ ni etí ẹni tí ó ga, etí náà ni a sì dí. Ọ̀gá tí ń wí pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́, kí ó lọ wí i fún àwọn ọmọ àwọn méje wọ̀nyẹn.

Wọ́n sì ní àkókò kò sí! Lẹ́yìn òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988 kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó tún gbéra ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: nítorí wọn kò lè fi ọjọ́ díẹ̀ dúró de ooru, wọ́n fi oṣù 32 dúró de ara wọn. Ilé wa náà kò ṣàìrí irú rẹ̀. Ní ọdún 1941, nígbà tí ogun àgbáyé ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta lọ bá Bourdillon gómìnà ní ilé rẹ̀ ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n. Bourdillon gbọ́ tiwọn. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wọn, kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn, aṣojú ọba òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́, wọ́n rí nǹkan gbà, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ó ń ṣe ìjọba rò pé àwọn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1943 wọ́n mú Imoudu kúrò ní Èkó, wọ́n sì fi í sí àhámọ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ní kí a fi ìdajì kún owó àjẹmọ́nú tí à ń san nítorí ọ̀wọ́n ọjà, wọ́n dí etí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945 ni iṣẹ́ dá dúró: ọkọ̀ ojú irin kò rìn, wáyà kò lọ, lẹ́tà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ó lé ní oṣù kan kí ó tó parí. Hubert Ògúndé tilẹ̀ fi ebi ìgbà náà ṣe eré orí ìtàgé. Ní ìkẹyìn, ìjọba pe ìgbìmọ̀ Tudor Davies jọ láti ṣe kí ni? Láti gbọ́. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ tán, ó sì ní kí a fún wọn ní ìdajì tí wọ́n béèrè. Ohun tí ìjókòó ọ̀sán kan ìbá ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi owó ọjà tí kò rìn, ìwé ìròyìn tí wọ́n tì, àti iyì tí kò padà mọ́ rà. Ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà èédú ń kọrin, wọ́n ń jó ní Iva Valley ní Enugu. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó tí kò gbọ́ èdè wọn ka orin wọn sí orin ogun, ó pàṣẹ ìbọn, awakùsà 21 sì kú.

Nípa pé ẹni tí a gbọ́ tirẹ̀ yóò fẹ́ kí a ṣe tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá wo ni ó gbọ́ tẹnu ọ̀daràn tí ó sì fún un ní ìbọn kún ìbọn? Ẹni tí a gbọ́ títí dé òpin a máa gba bẹ́ẹ̀-kọ́. Bẹ́ẹ̀-kọ́ tí ó ti dé kí a tó sọ̀rọ̀ tán ni ọkàn ènìyàn kì í gbà.

Ó ku àwíjàre tí mo ní ó lágbára jù, pé atẹ́tí kì í pàṣẹ. Òtítọ́ ni. Ìdí rẹ̀ sì ni kí atẹ́tí lè wí pé, "N ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá mi," kí ọjọ́ lè gorí ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìpínyà yẹn gbé wọn dé. Ní Waco, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 1993, lẹ́yìn tí ìbọn ti pa òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin ní ọjọ́ kìíní, àwọn FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, yí ilé David Koresh àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ká fún ọjọ́ 51. Àwọn atẹ́tí, tí Gary Noesner ṣe olórí wọn ní ìdajì àkọ́kọ́, bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru, ènìyàn 35 sì jáde, púpọ̀ nínú wọn ọmọdé. Kí ni àwọn apàṣẹ ń ṣe ní ìgbà kan náà? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta tí àwọn méjì jáde, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gé iná mànàmáná ilé náà pátápátá. Nígbà tí àwọn méje jáde ní ọjọ́ 21, ariwo orin ni wọ́n fi kí àwọn tó kù káàbọ̀ sí òru. Ẹni tí ó ṣe ohun tí a bẹ̀ ẹ́ kí ó ṣe ni à ń fi ìyà jẹ! Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹni tí ó jáde mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, iná jó ilé náà, ènìyàn 76 sì kú. Ní Montana ní 1996, àwọn FBI kan náà, tí ojú wọn ti là, dúró fún ọjọ́ 81 lẹ́nu ilé àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní Freemen, kò sì sí ẹni tí ó yin ìbọn kan ṣoṣo kí wọ́n tó jáde.

Kì í ṣe ìtẹ́tí ni ó pa àwọn ènìyàn Waco. Apàṣẹ tí kò gbọ́ràn sí etí ara rẹ̀ lẹ́nu ni. Iléeṣẹ́ mélòó ni kì í ṣe Waco kékeré? Ọ̀gá ní kí a sọ òtítọ́ ní ìpàdé ọjọ́ Ajé. Ẹnìkan sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì a gbé e lọ sí ẹ̀ka tí kò sí ẹni tí ń dé ibẹ̀. Ọ̀gá wá ń ṣe kàyéfì pé àwọn òṣìṣẹ́ òun kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nítorí náà ohun tí àwọn alátakò mi pè ní àléébù, oore ni mo pè é. Olórí iléeṣẹ́ tí ó ń gbọ́ tí ó sì ń pàṣẹ kò ní ẹnikẹ́ni láàárín etí rẹ̀ àti àṣẹ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gé iná lẹ́yìn rẹ̀ àfi òun fúnra rẹ̀. Ohun kan péré ni ó gbọdọ̀ yá lọ́wọ́ ọlọ́pàá: kí ó má ṣe gbọ́ kí ó sì pinnu ní ìjókòó kan náà.

N kò bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, n kò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtẹ́tí ni iṣẹ́ tí a gbà wọ́n sí, pé gbogbo iṣẹ́ yòókù, ìṣirò owó, ìwé kíkọ àti àṣẹ pípa, ni a lè gba ẹlòmíràn láti bá wọn ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bá ọ̀gá gbọ́ ohun tí ọ̀gá kò fẹ́ gbọ́. Kí a tó fi ẹnikẹ́ni jẹ olórí iléeṣẹ́, kí a mú ẹni tí ipò rẹ̀ kéré jù lọ níbẹ̀ wá, kí ó sọ ìròyìn tí ó burú jù lọ tí ó mọ̀, kí ẹni tí ń wá oyè jókòó gbọ́ ọ dé òpin láì já a lẹ́nu gbà, kí ó tún un rò fún un, kí onítọ̀hún sì fi ẹnu ara rẹ̀ wí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí a wá iṣẹ́ mìíràn fún un, iṣẹ́ tí ẹ̀mí àti owó ọlọ́mọ kò sí nínú rẹ̀.